Ṣé àbúrò kìnnìún ni béárì? Ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi

ÌyáTítí:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ara mi. Láti ìgbà tí tíṣà wọn ti kọ́ wọn nípa ẹranko ẹhànnà ni n ò ti rímú mí mọ́. Lánàá, mo ń dirun fún un, ó kàn dédé bi mí pé, "Màámi, ṣé àbúrò kìnnìún ni béárì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó gbé orí dúró dáadáa. Ó ní, "Tó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀, kí ló dé tí béárì fi ń lá oyin, tí kìnnìún kì í lá a?" Mo ní bóyá kìnnìún ò rí oyin ni. Ó yíjú padà, ó wò mí bí ìgbà tí adájọ́ bá ń wo ẹlẹ́rìí èké.

Ẹ dákun, ta ló mọ̀ nípa àwọn ẹranko wọ̀nyí? Kìnnìún, ẹkùn, béárì, ohunkóhun tó bá lè ya ọmọdé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ òótọ́ o. Inú ìwé kan ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, ó sì ń kà á sétí tíṣà rẹ̀. "Mo gbọ́ pé" ò wọlé.

Ọmọ_Ọdẹ:

Kìnnìún lọba, béárì ni ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí 😄

Bàbá_Olùtọ́jú:

Ìyá Títí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹranko kí n tó fẹ̀yìn tì. Kìnnìún méjì, ẹkùn abilà kan, àmọ̀tẹ́kùn kan àti abo béárì búráùn kan ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o, ọmọ yín ló jàre. Ìbéèrè oyin yẹn gan-an lẹnu ọ̀nà.

Béárì kì í ṣe àbúrò kìnnìún, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí a bá pín àwọn ẹranko ajẹran sí agboolé méjì, agboolé ológbò ni kìnnìún wà, agboolé ajá ni béárì wà. Séèlì tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun pàápàá bá béárì tan ju bí kìnnìún ṣe bá a tan lọ.

Bí Títí bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ẹsẹ̀ ni kó wò. Abo béárì tiwa yẹn fẹ́ràn omi bí nǹkan míì. Bó bá jáde nínú adágún rẹ̀ láàárọ̀, tó rìn kọjá lórí sìmẹ́ǹtì, ipasẹ̀ rẹ̀ á tutù lọ kalẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà kan, ó sáré wá bá mi, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n: "Bàbá, ẹnì kan ti wọbẹ̀ o! Kò wọ bàtà!" Mo tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn béárì lórí ilẹ̀, ẹ ó búra pé ènìyàn ni: gìgísẹ̀ ń bẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ ń bẹ, ọmọ ìka márààrún sì tò síwájú. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kó wò ó dáadáa. Ọmọ ìka tó tóbi jù wà lápá òde, kì í ṣe apá inú bíi tiwa. Ó dà bí ẹni tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Níwájú ìka kọ̀ọ̀kan, ojú èékánná wà níbẹ̀, nítorí béárì kò lè kó èékánná rẹ̀ wọlé.

Kìnnìún ní tirẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ rárá. Ìka mẹ́rin péré lẹ ó rí, ẹ ò sì ní rí ojú èékánná kankan, torí inú àpò awọ ló kó wọn sí kí wọ́n má baà kú. Orí ìtì igi ló ti ń pọ́n wọn. Bó bá pọ́n ọn tán, èèpo èékánná tó ti gbó á há sára igi náà, ó rí kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo tọ́jú ẹyọ kan sínú páálí ìṣáná. Àwọn ọmọ mi rò pé eyín ni.

Ó ku ti oyin. A máa ń fi oyin díẹ̀ ra ìtì igi fún béárì kó má baà sú u. Igi yẹn á di ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún odidi ọ̀sán. Á lá a, á fi èékánná walẹ̀ inú èèpo rẹ̀, á tún padà wá lá ibi tí kò sí nǹkan mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ra díẹ̀ sórí igi kìnnìún. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó lọ dùbúlẹ̀. Ìgbéraga ni mo pè é. Àfi ìgbà tó yá tí mo kà á pé ní 2005 àwọn onímọ̀ yẹ jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) agboolé ológbò wò, ti ológbò inú ilé, ti ẹkùn àti ti cheetah, ológbò ńlá tó mọ eré sá yẹn. Wọ́n rí i pé jíìnì tó yẹ kó jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn ti bàjẹ́ lára wọn láti ayébáyé. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ nǹkan dídùn. Kò dùn lẹ́nu wọn ni. Ẹran ni wọ́n ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi adùn ṣe? Béárì tó ń jẹ èso, tó ń jẹ gbòǹgbò, tó ń jẹ kòkòrò, tó ń jẹ ẹja, ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tó pọ́n.

Ahọ́n tí kò mọ adùn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló kún orí rẹ̀, gbogbo wọn kọjú sọ́nà ọ̀fun. Òun ni kìnnìún fi ń ha ẹran kúrò lára egungun, òun náà ló sì fi ń ya irun ara rẹ̀. Mo gbàgbé ara mi lọ́jọ́ kan, mo fara ti irin, akọ kìnnìún sì fi ahọ́n kan apá aṣọ iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi ló rán aṣọ yẹn, ó nípọn. Nígbà tí mo fà á kúrò, òwú rẹ̀ ti tú síta bí irun àgbàdo. Èmi ni mo jẹ̀bi; ẹni tó bá ń tọ́jú kìnnìún kì í fara ti irin.

ÌyáTítí:

Háà, Bàbá! Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo kà á fún un, ó ti ya ẹsẹ̀ méjèèjì síwèé, ó sì ní kí n bọ́ bàtà kí òun wo ìka mi. Ó ní kí n béèrè ìdí tí kìnnìún fi ń bú ramúramù tí ológbò kì í bú. Ó tún ní ẹnì kan nínú kíláàsì wọn sọ pé béárì máa ń sùn fún oṣù márùn-ún láì jí, láì jẹun, láì tọ̀. Èmi sọ pé irọ́ ni. Ẹ gbà mí o.

Bàbá_Olùtọ́jú:

Ti bíbú ni màá dáhùn, kí ẹlòmíràn gba ti oorun.

Mẹ́rin péré ló ń bú ramúramù nínú gbogbo agboolé ológbò: kìnnìún, ẹkùn abilà, àmọ̀tẹ́kùn àti jágúà. Cheetah kò lè bú. Bí ẹ bá gbọ́ cheetah tó ń pe ọmọ rẹ̀, ẹ ó máa wá ẹyẹ lókè igi. Bí ara bá tù ú, ìró tó ń lọ wùùù nínú ọ̀fun ológbò yẹn náà ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni puma, bó ṣe tóbi tó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, egungun kékeré kan tó wà nídìí ahọ́n làwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí. Ti ológbò le koránkorán, ti kìnnìún rọ̀ níbì kan, wọ́n ní ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ na. Àmọ̀tẹ́kùn orí òkè yìnyín ló wá da ọ̀rọ̀ rú: egungun tirẹ̀ náà rọ̀, síbẹ̀ kì í bú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ inú gògóńgò kìnnìún àti ti ẹkùn wò. Wọ́n bá a pé awọ tó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde nípọn, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà kò gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ kó tó gbọ̀n, tó bá sì gbọ̀n, ayé á gbọ́. Ohùn kìnnìún lè dé ibi tó jìnnà tó kìlómítà mẹ́jọ.

Tiwa kì í bú nítorí ebi, ẹ sọ fún Títí. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni. Á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí inú ń run, á kérora lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta á di ariwo ńlá, á wá parí rẹ̀ sí hùn, hùn, hùn, hùn bí àgbà tó ń ti ẹrù gòkè. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbè é. Alẹ́ ọjọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò nílò aago.

Agbẹ̀bí_Oru:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti oorun, torí iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ oyún béárì sì ti wọ̀ mí lọ́kàn tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lọmọ yẹn sọ ní kíláàsì. Béárì dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè wà nínú ihò rẹ̀ fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà nígbà òtútù láì jẹ, láì mu, láì tọ̀, láì yàgbẹ́. Kì í ṣe pé kò lè jí o. Ara rẹ̀ kò tutù púpọ̀, ẹni tó bá lọ dà á láàmú á rí i pé ó ń gbọ́. Ọkàn rẹ̀ tó ń lù tó ìgbà 40 sí 50 láàárín ìṣẹ́jú kan lásìkò tí kò bá sí nínú ihò, tó sì ń sinmi, lè wálẹ̀ sí bíi 8. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ. Èyí tó wá ya èmi lẹ́nu ni ti ìtọ̀: ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, ara rẹ̀ ló ń tún un lò, á fi ṣe purotéènì, iṣan rẹ̀ kò sì ní joro. Aláìsàn tó bá dùbúlẹ̀ fún oṣù kan péré, ẹ mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tó bá fẹ́ dìde. Béárì á dìde lẹ́yìn oṣù márùn-ún, á rìn lọ.

Oyún rẹ̀ wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ooru ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ni akọ àti abo máa ń pàdé, ní bíi oṣù kẹfà sí ìkeje. Ẹyin á gba àtọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà díẹ̀, á sì dúró. Kò ní lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Á kàn máa léfòó níbẹ̀, kò kú, kò dàgbà, títí di bí oṣù kọkànlá. Bí ìyá bá jẹun sanra tó, ọlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, oyún á bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá kò bá ní ọ̀rá tó lára, kò ní lẹ̀, kò sì ní sí oyún ọdún yẹn. Ẹ wo ara tó mọ ìṣirò! Mo ti sọ ọ́ fáwọn aboyún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Inú ihò yẹn ló ti ń bímọ, ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, nínú òkùnkùn, láìsí agbẹ̀bí. Ọmọ á fọ́jú, irun ara rẹ̀ á rí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kò sì ní wúwo tó ìdajì kílò. Ìyá kò jẹ, kò mu, ó sì ń fún un lọ́mú. Ti páńdà, béárì aláwọ̀ dúdú àti funfun ilẹ̀ Ṣáínà, ló tún burú jù: ìyá á tó 100 kílò, ọmọ á jẹ́ bíi 100 gíráàmù. Mo gbé ọmọ tí kò pé oṣù rí, mo mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ páńdà tó pé oṣù rẹ̀ tún kéré sí i púpọ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló tóbi.

Akọ́mọlédè:

Bàbá, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n tọrọ ojú ìwé kan. Ẹ ń sọ "ẹkùn abilà", ìyẹn sì dáa, torí "ẹkùn" inú òwe àti oríkì wa kì í ṣe abilà rárá, olójú tótòtó ni. Éṣíà nìkan ni abilà ti ń gbé inú igbó. Nígbà tó yá ni a fún un lórúkọ ẹkùn, tí a sì ti onítótòtó sídìí àmọ̀tẹ́kùn. Òwe tó ní àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn, kò lè ṣe bí ẹkùn, ti wà ṣáájú gbogbo ìyẹn. Ti béárì ẹ̀wẹ̀, ẹ ò rí i pé a ò lórúkọ fún un, a kàn yá a ni? Béárì kankan kò sí nínú igbó Áfíríkà lónìí. Àwọn tó wà lórí òkè Atlas ní àríwá run ní nǹkan bí ọ̀rúndún kan àbọ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ_Ọdẹ:

Ẹ̀yin àgbà ti sọ̀rọ̀, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè gidi. Bí kìnnìún àti béárì bá ja, ta ni yóò borí?

Bàbá_Olùtọ́jú:

Mo ti ń retí ẹ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìdí irin, àgbàlagbà ni wọ́n sì máa ń jẹ́, kì í ṣe ọmọdé.

Akọ kìnnìún ńlá kì í sábà ju 250 kílò lọ. Akọ béárì funfun ti ilẹ̀ yìnyín lè ju 600 lọ. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn fúnra yín. Wọn kì í sì í pàdé, ọ̀kan ń gbé inú yìnyín, èkejì inú ọ̀dàn. Ẹkùn abilà àti béárì búráùn ló jọ ń gbé inú igbó kan náà ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà. Ẹkùn máa ń pa béárì jẹ níbẹ̀, béárì ńlá náà sì máa ń gba ẹran tí ẹkùn pa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí i pé apá òun ò ká a, ó ń yà fún un ni. Ọgbẹ́ kékeré lè febi pa ẹranko tó ń dọdẹ jẹ, ìdí nìyẹn tí wọn kì í jà láti fi dá wa lára yá.

Kí Títí kọ ti àwọ̀ dípò ìjà. Ẹ fá irun ẹkùn abilà, ìlà yẹn á ṣì wà lára awọ rẹ̀. Mo rí i nígbà tí dókítà fá ìdí rẹ̀ láti fún un lábẹ́rẹ́. Béárì funfun, awọ dúdú ló wà lábẹ́ irun rẹ̀, irun náà kò sì funfun, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ọparun. Ní ọgbà ẹranko tó wà níbi tí ooru ti ń mú, ewé omi wẹ́wẹ́ ti hù sínú irun wọn rí tí gbogbo ara wọn fi di àwọ̀ ewé. Àti pé àwọ̀ osùn ara ẹkùn tó ń dán lójú wa yìí, àgbọ̀nrín ò rí pupa; bí ewéko ló rí lójú rẹ̀. Àgbọ̀nrín á máa wo ẹkùn, á rò pé igbó lòun ń wò.

Ọmọ_Ọdẹ:

Mo gba ti Bàbá, mo túúbá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ra orí ara mi padà. Ní 1942, àwọn ọmọ ogun Pólàǹdì tó wà ní Íráànì ra ọmọ béárì kan tí ìyá rẹ̀ ti kú. Wọ́n sọ ọ́ ní Wojtek. Inú ìgò ni wọ́n ti fún un ní wàrà mu, ó sì dàgbà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì, wọ́n ní ẹranko ò gbọdọ̀ wọkọ̀, ni wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bí ọmọ ogun. Ní ogun Monte Cassino ní 1944, ó bá wọn gbé àpótí ọta. Àmì ẹgbẹ́ wọn sì di béárì tó gbé ọta lọ́wọ́. Ọgbà ẹranko Edinburgh ló kú sí ní 1963. Àwọn tó bá a jagun máa ń lọ kí i níbẹ̀, tí wọ́n bá sì fi èdè Pólàǹdì bá a sọ̀rọ̀, á gbọ́.

ÌyáTítí:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Ojú ìwé mẹ́rin ló ti kún. Ó ya béárì tó gbé àpótí, ó sì fún un ní fìlà. Ṣùgbọ́n Agbẹ̀bí, ẹ̀yin lẹ kó mi sí èyí o. Ó ronú títí nídìí oúnjẹ alẹ́, ó wá ní, "Tí kò bá yàgbẹ́ fún oṣù márùn-ún, kí ló kọ́kọ́ ń ṣe lọ́jọ́ tó bá jáde?"

Agbẹ̀bí_Oru:

Ohun tí ẹ rò yẹn náà ni. Ìdì kan ti dí ojú ihò ìdí rẹ̀ látìgbà tó ti wọlé sùn: ìgbẹ́ tó gbẹ, irun tó lá mì, ewé gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ le bí èdídí ìgò. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ń já. Oúnjẹ gan-an kì í yá a lára fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

ÌyáTítí:

Ó ti kọ ọ́. Ó ti ya á pẹ̀lú. Ọ̀la ni tíṣà máa rí i.